Ìpín Kòkòrò

Títí di ọ̀sán òní, ọjọ́ Ẹtì, Alájì Àrìmíyàù kò tíì jáde kúrò nínú ilé-obì rẹ̀ ní Anyama. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, obì lọ́wọ́ òsì. Ó ń la obì. Ó la èyí, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó jù ú sẹ́yìn, ó mú òmíràn. Obì gbànja tí àwọn oníbàárà Bamako ti ń bá a ná láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti di ègé lẹ́yìn rẹ̀, ó ga tó orúnkún, pupa àti funfun, bí eyín àwọn tí a kò mọ̀.

Àwọn ará àdúgbò dúró sójú pópó, wọn kò wọlé. Lèmọ́ọ̀mù rán ènìyàn wá pé ìrun Jímọ̀ọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Alájì kàn la obì mìíràn ni. Bọ́láṣadé, àgbà nínú àwọn obìnrin tí ń ṣa obì fún un, ló bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé.

“Alájì, kí lẹ ń wá?”

“Ọ̀kan ni.” Kò gbójú sókè. “Ọ̀kan péré ló wọlé.”

Ní àkókò yìí kan náà, nínú kílíníìkì kan ní Cocody, Ràdíyàtù ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, oyún oṣù méje níwájú rẹ̀, ó ń retí dókítà tó ni ẹ̀rọ ńlá. Ohun tí ọkọ ń wá nínú obì láti pa, òun ni aya ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó rí níbẹ̀. Nítorí bí kò bá sí nínú obì, ibì kan ṣoṣo ló kù tí ó lè wà.

*

Bàbá Àrìmíyàù ló kọ́ ilé-obì náà nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ó sì dá àṣà kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ fi ojú rí. Bí obì tuntun bá ti oko dé, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í kan apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, láìṣà á, láìfi ewé bò ó. Wọn kì í tà á, wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í fi tọrẹ. Ìpín kòkòrò ni. Kòkòrò á jẹ tirẹ̀ yó, á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Oògùn wà nídìí àṣà náà. Oògùn ọ̀hún ní ìdè, ó sì ní ìtú. Nígbà tí ikú kan ilẹ̀kùn bàbá, ó fi ìdè lé Àrìmíyàù lọ́wọ́, ó fi ìtú lé Mùkàrámà lọ́wọ́, ọmọbìnrin tí ìyáálé bí ṣáájú rẹ̀. Ó rò pé èyí ni yóò so wọ́n pọ̀, nítorí ẹni tó ní àgádágodo kò lè ṣe kó má wá ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, àwọn méjèèjì kò tún jọ tọwọ́ bọ àwo kan náà mọ́.

Àrìmíyàù kì í gba àbùkù. Obì tí èékánná bá ha lára ti kúrò lójú rẹ̀. Bí ó bá ń ṣe àlùwàlá, á tún un ṣe, á tún un tún ṣe, títí omi inú kẹ́tùrù yóò fi gbẹ, tí àwọn tó bá a dé mọ́sálásí yóò ti kírun tán. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára Ràdíyàtù ṣáájú èyí. Dókítà pe orúkọ àìsàn kan. Àrìmíyàù kò gbà. Ó ní obìnrin tó mọ bí a ṣe ń tú kòkòrò sínú obì kò ní ṣàì mọ bí a ṣe ń tú u sínú ènìyàn. Ó sọ ọ́ ní Adjamé, ó sọ ọ́ ní Treichville, ó sì rí i dájú pé ọ̀rọ̀ náà dé Marcory, níbi tí Mùkàrámà ti ń tajà.

Nígbà tó di ìkórè ọdún yìí, kòkòrò ya wọ ilé-obì bí ẹni tí a pè sí àsè. Oníbàárà kan láti Bamako tú àpò níwájú èrò. Ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ dà jáde. Ọkùnrin náà gbọn ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín.

“Alájì, wòrò tìrẹ, obì tìrẹ yìí, ti ń mí.”

Àrìmíyàù wọlé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ìpín kòkòrò láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó da epo bẹntiróò sí i láàárín àgbàlá, ó ṣáná sí i. Bọ́láṣadé sáré dé, ó gbé ọwọ́ lérí.

“Alájì, ẹ dákun! Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀nba lewé ń dára mọ!”

“Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ dà?”

“Wọ́n ti lọ, Alájì.”

“Kòkòrò ló jẹ wọ́n,” ni Àrìmíyàù wí, ó sì dúró ti iná náà títí ó fi di eérú.

*

Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara rẹ̀ mọ́lé ní ọ̀sán gangan, ìgbà tí òjìji ènìyàn bá sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò lo òru. Ó ní òru ní ibi ìsápamọ́ tó pọ̀ jù. Ohun tó ń sè ń rùn bí irin tí òjò pa. Ìdè bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ibi tí bàbá náà ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àlàfo yẹn ni ó ń dí.

Ó pín oògùn náà sí mẹ́ta: ó ri ọ̀kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-obì, ó ri èkejì mọ́ abẹ́ géètì. Ràdíyàtù kì bá tí mọ̀ nípa ẹ̀kẹta láé, bí kì í bá ṣe pé ó bẹ̀rẹ̀ láti wá bàtà lábẹ́ ibùsùn tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn lé, tí ọwọ́ rẹ̀ sì kan sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ. Ó ti gbọ́ ìparí ọfọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń pè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: “...ohunkóhun tó bá ń gbé inú ohun mìíràn, kí ilé rẹ̀ kọ̀ ọ́.”

Oògùn náà jẹ́. Kí a má purọ́, ó jẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Àwọn obìnrin ṣa obì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọn kò rí ihò kan. Àwọn ará Bamako padà wá, wọ́n gbé obì sójú oòrùn, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Àrìmíyàù rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí eyín rẹ̀ ti rí afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni èèrà kó jáde. Wọ́n tò láti abẹ́ ògiri, wọ́n gba abẹ́ géètì kọjá, wọ́n gbé ẹyin wọn dání, wọn kò sì padà. Ọmọńlé tẹ̀lé wọn. Adìẹ tó sàba lẹ́yìn ilé ìdáná dìde kúrò lórí ẹyin rẹ̀, ó ń sá fún wọn bí ẹni rí ejò. Ràdíyàtù fọ́ ọ̀kan wò. Omi ló dà jáde, omi mímọ́ gaara, láìsí pupa, láìsí ẹ̀jẹ̀, bí èyí tí a bù nínú àmù.

Bọ́láṣadé fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yọ awẹ́ obì kan níbi ìdí ìró rẹ̀.

“Ìyàwó wa, mo jẹ obì yìí lánàá. Kò korò.”

“Kò korò báwo?”

“Kò korò, kò dùn, kò pa ahọ́n láró, kò pa itọ́ láró. Òkúta ni. Mo ti ń ṣa obì kí wọ́n tó bí ọ sí Treichville, n kò rí obì tó ti kú tí ó sì ń dán báyìí rí.”

Ràdíyàtù gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Ọmọ inú rẹ̀ ti dákẹ́. Bí ó bá wọ gbàká, ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Adjamé, tí ọkọ̀ bá ti wọ Abobo báyìí, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀, á máa yí, á máa gbá a ní ìhà. Bí ó bá padà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kọjá géètì, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. Kì í ṣe bí ọmọ tó sùn. Bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń wá òun.

*

Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Àrìmíyàù ń ṣa atíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ oníhóró tó wà nínú àwo rẹ̀, ó ń yọ èyí tí ó tóbi ju èkejì lọ sápá kan.

“Alájì, ọmọ yìí kì í mira nínú ilé yìí mọ́.”

“Ọmọ tó dákẹ́ ni ọmọ tó balẹ̀.”

“Ó ń mira ní Abobo. Ó ń mira ní Adjamé. Ilé bàbá rẹ̀ nìkan ló ti ń dákẹ́.”

Àrìmíyàù gbé àwo sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohùn ìfẹ́. “Méjì ti lọ, Ràdíyàtù. Wọ́n jẹ wọ́n nínú rẹ, mo sì ń wò. Èyí, kò sí ohun tí yóò fi eyín kàn án. Yóò jáde láìní àmì, láìní àléébù, láìní ohun tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Ẹni àkọ́kọ́ tí yóò pé láyé yìí, inú ilé mi ni yóò ti jáde.”

“Ẹ ní kí ohun tó ń gbé inú ohun mìíràn jáde. Òun náà ńkọ́? Níbo lòun ń gbé?”

Ojú ọkọ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Ràdíyàtù rí i pé ọ̀rọ̀ náà bà á, bí òkò ṣe ń ba orí omi. Lẹ́yìn náà, omi náà padà pa dé.

“Ọmọ kì í ṣe kòkòrò.”

“Ta ló sọ fún oògùn?”

Àrìmíyàù dìde, ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ géètì sápò. Ó ní láti òní lọ, aboyún òun kò ní jáde mọ́ títí yóò fi sọ̀.

*

Ọjọ́bọ̀, àná, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bọ́láṣadé tú ìborùn rẹ̀ fún Ràdíyàtù. Àwọn obìnrin tí ń ṣa obì ń jáde lọ jẹun lọ́wọ̀ọ̀wọ́, Ràdíyàtù sì bá wọn jáde, apẹ̀rẹ̀ òfìfo lórí, ojú nílẹ̀. Bí gbàká ti wọ Abobo, ọmọ náà ta ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pariwo. Obìnrin tó jókòó tì í ní, “Màdáàmù, ọmọ tìẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ná.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láti Adjamé, takisí gbé e dé Marcory. Mùkàrámà jókòó sẹ́yìn tábìlì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, obìnrin gbígbẹ tí ojú rẹ̀ jọ ti Àrìmíyàù bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e láti ara rẹ̀. Obì rẹ̀ lu, ó ní ihò, kò sì fi pamọ́. Kòkòrò kan ń rìn lọ lórí tábìlì. Ó fi ìka yí i padà, ó ń wo bí ó ṣe ń tiraka.

“Aya Àrìmíyàù. Ó rán ọ wá, àbí ó ti kú?”

“Kò rán mi, Àǹtí.”

“Ó ṣì kù díẹ̀ nìyẹn.”

Ràdíyàtù kúnlẹ̀. Mùkàrámà kò ní kó dìde.

“Ọkọ rẹ ti sọ fún gbogbo ọjà pé èmi ni mo jẹ ọmọ rẹ méjì. Kí ló gbé ọ wá sẹ́nu ẹni tó ń jẹ ọmọ?”

“Ẹ̀rù ilé ju ẹ̀rù yín lọ.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kúrú. “Ìwọ lọ́gbọ́n jù ú lọ. Kì í ṣe ohun ìyìn. Adìẹ pàápàá lọ́gbọ́n jù ú lọ.”

“Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ rán kòkòrò sí i lọ́dún yìí?”

“Ṣé o fẹ́ mọ̀ ni, àbí o fẹ́ bímọ?”

Ràdíyàtù di ikùn rẹ̀ mú. Mùkàrámà na ọwọ́, ó gbé e lé ikùn rẹ̀, ó sì yára fà á padà bí ẹni tó fọwọ́ kan irin gbígbóná. Ó wo ọwọ́ náà, ó nù ún mọ́ ìró.

“Oògùn náà ti débẹ̀. Ó ti ń kàn án nílẹ̀kùn. Ilé ọmọ náà, ìyẹn ìwọ, yóò kọ̀ ọ́ láìpẹ́.” Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó mú obì kan jáde, gbànja funfun kan ṣoṣo. Ihò kan wà lára rẹ̀, ìyẹ̀fun tuntun wà lẹ́nu ihò náà. “Ọ̀kan tó wà láàyè ń bẹ níbẹ̀. Gbé e padà síbi tí ìpín wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá dé ibẹ̀ láàyè, àlàfo ti ṣí nìyẹn.”

“Èèrà pàápàá kì í kọjá géètì wa láàyè mọ́.”

“Ohun tó bá dá rìn ni kì í kọjá. Ẹnu rẹ ni yóò wọ̀ kọjá. Fi obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Má fi eyín kàn án, má gbé e mì, má sọ̀rọ̀. Bí ohùn bá jáde, kòkòrò yóò gbọ́ ọ lọ́nà ọ̀fun, yóò rò pé ibẹ̀ lọ̀nà.”

“Ọ̀nà ibo?”

Mùkàrámà wo ikùn rẹ̀, ó ní: “Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ta ni yóò fi obì kan ọmọ náà lẹ́nu?”

“Bàbá rẹ̀ ni...”

“Èmi ni. Obì tèmi, ọwọ́ tèmi. Orúkọ tí mo bá pè sí i létí ni yóò jẹ́.”

“Mo gbà,” ni Ràdíyàtù wí. Ó ti sọ ọ́ tán kí ó tó bi ara rẹ̀ pé orúkọ wo.

*

Gẹ́gẹ́ bí Bọ́láṣadé ṣe sọ lẹ́yìn náà, ọwọ́ Àrìmíyàù wà lójú ọ̀nà ẹnu nígbà tó dúró gbagidi. Ó gbóòórùn kòkòrò tó ń bọ̀. Ó gbé àwo kúrò níwájú.

“Ta ni kò sí nílé?”

Ó lọ sí iyàrá, ó padà, kò tilẹ̀ bínú. Ó gbé àga sí ẹnu géètì, ó jókòó. Obìnrin kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé, ó ní kó gbọn ìró rẹ̀, kó tú gèlè, kó da apẹ̀rẹ̀ dé. Ó yẹ èékánná wọn wò. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Alájì, ẹ ò kúkú ka irun orí wa?” Ó wo orí obìnrin náà pẹ́ bí ẹni tó ń rò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ràdíyàtù yọ lójú ọ̀nà.

Obì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ibi tí gbàká ti já a sílẹ̀. Ó ń gbọ́ kòkòrò náà. Kì í ṣe pẹ̀lú etí. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ, ìró fífá kékeré kan, tí kì í dáwọ́ dúró. Ó di ike itọ́ rẹ̀ mú. Láti ìgbà tí oyún náà ti pé oṣù mẹ́ta ni itọ́ ti ń dà á láàmú, gbogbo ilé sì ti mọ̀ pé kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá kún. Oyún fúnra rẹ̀ ló bá a bo àṣírí.

“Níbo lo ti ń bọ̀?” ni ọkọ rẹ̀ bi í.

Ó tọ́ka sí ikùn, ó tọ́ka sójú ọ̀nà, ó tutọ́ sínú ike.

“Gbọn ìró rẹ.”

Ó gbọ̀n ọ́n.

“Tú gèlè.”

Ó tú u. Àrìmíyàù yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i po. Ó fẹ́ ní kó kọjá. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sínú ike.

Itọ́ náà pọ́n bí ìpẹtà.

“Obì lo jẹ.”

Ó mi orí.

“Obì ta ni?”

Ó tọ́ka sí ilé-obì. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti nà ni ó rántí ohun tí Bọ́láṣadé sọ. Àrìmíyàù pẹ̀lú rántí. Kò sí ẹni tó mọ obì náà bí òun.

“Obì mi kì í pa itọ́ láró mọ́,” ó wí ní jẹ́jẹ́. Ó fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kejì sábẹ́ ẹnu rẹ̀. “Tu ú síbí.”

Ìró fífá náà yára sí i. Omijé dà lójú Ràdíyàtù. Láti inú àgbàlá ni ohùn Bọ́láṣadé ti ta lé wọn lórí:

“Áà! Alájì fẹ́ fi ọwọ́ gba itọ́ aboyún! Alájì tí ẹ̀kán omi kan ń ba àlùwàlá rẹ̀ jẹ́! Ẹ wá wo ìmọ́tótó ní Anyama o!”

Ràdíyàtù tutọ́. Itọ́ nìkan ni. Ó fi ahọ́n ti obì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì da gbogbo ìyókù sínú àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbóná, ó yọ̀, ó ń ṣàn lọ sí ọrùn-ọwọ́.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. Ó lè dì í mú síbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á. Ó kígbe bí ẹni tí àkeekèé ta, ó já a sílẹ̀, ó sáré lọ sídìí kẹ́tùrù. Ó fọ ọwọ́. Ó tún un fọ̀. Ó mọ̀ pé aya òun ń kọjá lẹ́yìn òun, gbogbo wọn rí i pé ó mọ̀, kò sì lè fi omi náà sílẹ̀.

Ràdíyàtù sáré bí aboyún ṣe lè sáré. Ní ẹnu ọ̀nà ilé-obì, lórí ohun tí a rì síbẹ̀ gan-an, ọmọ inú rẹ̀ gbá a. Ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé náà. Ó gbá a tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn fi jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Hà!”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́. Ó dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó tẹríba, ó jẹ́ kí obì já sílẹ̀ sójú ibi tí apẹ̀rẹ̀ ti máa ń wà.

Ihò méjì ló wà lára obì náà. Ọ̀kan ni Mùkàrámà fi hàn án. Èkejì tutù. Ó mú un, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀; ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó gbé itọ́ mì, nǹkan kan ha á lọ́fun bí egungun ẹja. Ó lè jẹ́ èèpo obì.

Àrìmíyàù dé, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba obì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á bí ẹni ń ka wàláà.

“Ó ti jáde,” ó wí. “Níbo ló wọ̀?”

Ìbéèrè tí aya rẹ̀ ń bi ara rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé okùn àpò wà lórí igi ilẹ̀kùn. Àrìmíyàù mú un. Ó wo àwọn apẹ̀rẹ̀ tó tò lọ títí dé ògiri. Ó wo ikùn ìyàwó rẹ̀. Ó tún wo àwọn apẹ̀rẹ̀, bí ọlọ́jà tó ń ro ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbà mí lákòókò,” ó sọ fún obì, ó sì jókòó.

Bọ́láṣadé ló gbé Ràdíyàtù sínú takisí.

*

Nígbà tí takisí náà wọ Abobo, kò sí ohun tó ta ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, ó dúró dè é. Ní Adjamé, kò sí. Títí wọ́n fi dé Cocody, kò sí.

Rokia, agbẹ̀bí tó gbà á wọlé, gbé ẹ̀rọ kékeré lé e lára, ó tẹ́tí, ó yí i, ó tún tẹ́tí. Ó ní òun gbọ́ ìró kan, ṣùgbọ́n ìró náà kò dúró lójú kan. Ó ní kí wọ́n dúró de dókítà àti ẹ̀rọ ńlá. Ó ní kó má bẹ̀rù, ní ohùn àwọn tó fúnra wọn ń bẹ̀rù.

Lówùúrọ̀, Mùkàrámà fi fóònù pè é. Ta ló sọ fún un, Ràdíyàtù kò mọ̀.

“Ṣé o sọ̀rọ̀?”

“Ohùn ló yọ, Àǹtí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọmọ ló gbá mi.”

“Ọmọ ló gbá ọ,” ni obìnrin náà tún un sọ. “Àbí wọ́n tì í?” Ó sì pa fóònù.

Ìrun Jímọ̀ọ̀ ti parí nígbà tí fóònù tún dún. Bọ́láṣadé ni.

“Ìyàwó wa, èèrà kan wọlé. Mo fi ojú ara mi rí i. Ó gba abẹ́ géètì, ó sì ń rìn lọ láàyè.”

Ràdíyàtù bú sẹ́kún. “Àlàfo ti ṣí nìyẹn? Alájì ti rí i nínú obì?”

“Rárá.” Ohùn àgbàlagbà náà fà sẹ́yìn. “Ó ti la gbogbo rẹ̀ tán, apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn pàápàá. Kò rí nǹkan kan. Ó ti fọ ọ̀bẹ náà, ó tún un fọ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ mi pé kílíníìkì wo ni. N kò sọ. Ṣùgbọ́n ó ti wọ takisí.”

Rokia ti wọlé, ẹ̀rọ ńlá sì ti wà ní títàn. Ó da ohun yíyọ̀ tútù sí i níkùn, ó ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ kí dókítà tó gòkè wá. Ó rọra fa ẹ̀rọ náà láti ọ̀tún sósì. Ó dúró. Ó fà á padà síbi tó ti kúrò. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára gíláàsì ẹ̀rọ náà.

“Nǹkan ń mira,” ó wí.

“Ọmọ mi ni?”

Rokia súnmọ́ gíláàsì náà sí i. Ó yí i kúrò lójú Ràdíyàtù díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ní nǹkan ń mira lóòótọ́, òun lè búra. Ohun tó jẹ́ ni òun kò lè sọ. Dókítà nìkan ló lè fìdí ìyẹn múlẹ̀, dókítà sì ṣì wà lórí àtẹ̀gùn.